Ọjà Àgbẹ̀ Nígbà Òtútù: Ilẹ̀ Kò Gbàgbé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìdí àdògán ni, ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń bójú tó ìdílé mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya, ọ̀pọ̀ gbèsè àti ọ̀pọ̀ àìsàn, ìdí ìkòkò yìí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù January, èmi àti ìyàwó mi lọ kí ìdílé kan nínú ìjọ wa ní Brooklyn, nílùú New York. Wọn kò tíì lo ọdún kan tí wọ́n ti Ìbàdàn dé. Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin náà ní Ìyá Ìbejì. Yìnyín ti di sí ẹnu ọ̀nà wọn. Láti ìgbà Kérésìmesì ni ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù. Nígbà tí a jókòó tán, arábìnrin yìí ṣí fírísà rẹ̀ kí a lè rí i. Ọ̀rá ewúro méjì ló wà níbẹ̀, ugwu díẹ̀, orí ẹja kan, àti ègé iṣu tí kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní, "Pásítọ̀, owó tí mo ná lórí èyí lọ́sẹ̀ yìí, ó yẹ kó bọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sì ní dé ọjọ́ Wednesday. Búrẹ́dì àti núdù ni àwọn ọmọ ń jẹ lójoojúmọ́. Ìlú òtútù yìí kò ní oúnjẹ." Ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo gbàdúrà fún wọn, a sì dìde. Nínú mọ́tò, ìyàwó mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, àdúrà yín dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀nà ọjà, ṣe ni à ń mú un lọ sọ́jà." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí mo rántí ọdún tí àwa náà kọ́kọ́ dé. Bí Ìyá Ìbejì ti ń ṣe ni àwa náà ṣe. Gbogbo owó wa ń lọ sórí oúnjẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí oúnjẹ tí wọ́n gbìn nítòsí wa ń kọjá lójú wa, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

LÁBẸ́ ÀGỌ́ NÍ UNION SQUARE

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Union Square, ní Manhattan. Ọjà àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Greenmarket. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ná an: Monday, Wednesday, Friday àti Saturday, yípo ọdún. Ẹni tó bá ń gbé Brooklyn tún lè lọ sí ti Grand Army Plaza, tí òun náà ń wáyé ní gbogbo Saturday, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdún 1976 ni Barry Benepe àti Bob Lewis dá ètò Greenmarket sílẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó wà káàkiri àyíká New York ń pàdánù oko wọn, àwọn ará ìlú náà kò sì rí ewébẹ̀ tó dára rà bó ṣe yẹ. Àwọn ọkùnrin méjì yìí wá ọ̀nà tí ẹni tó ní oúnjẹ àti ẹni tó nílò oúnjẹ yóò fi pàdé ní gbangba. Òfin ọjà náà ni pé ẹni tó bá pàtẹ níbẹ̀ ní láti jẹ́ ẹni tó gbin ohun tó ń tà, tàbí tó sìn ín, tàbí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kò sí àyè fún alágbàtà.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti tàn ká Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1994, ìjọba ka 1,755. Nígbà tó fi máa di 2013, iye wọn ti lé ní 8,000. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣí nígbà òtútù, nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó jáde nílé.

Òtútù mú lọ́jọ́ náà débi pé èémí wa ń jáde bí èéfín. Àwọn àgbẹ̀ ti fi ọ̀rá ta ẹ̀gbẹ́ àgọ́ wọn kí òtútù má baà pa ewé. Ìyá Ìbejì ti rò pé àtẹ òfìfo ni a ó bá. Ṣùgbọ́n kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, kábéèjì tóbi bí orí ọmọdé, elégédé wà lóríṣiríṣi àwọ̀, ápù kún inú àpótí, ewé tútù sì wà tí wọ́n dì ní ìdì ìdì bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Ó dúró, ó ní, "Níbo ni gbogbo èyí ti wá? Ṣebí yìnyín ló bo ilẹ̀?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò mọ ọjà yìí ná.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ OÚNJẸ FI Ń LA ÒTÚTÙ JÁ

Èkíní ni oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́. Pòtétò, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, beet, elégédé àti ápù ni wọ́n ti kórè kí òtútù tó dé, tí wọ́n sì kó sínú yàrá tí wọ́n ṣe fún un. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kò jẹ́ ta gbogbo iṣu rẹ̀ lóṣù tó wà á. Ó ń to apá kan sínú àká, àwọn ìyá wa sì ń bọ apá kan, wọ́n ń sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ pé iṣu ti tán, àmàlà ṣì wà nílé wa. Ọgbọ́n èèrà tí Ìwé Òwe orí 6 ní kí ọ̀lẹ lọ kọ́ kò ju báyìí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oòrùn ni tiwa fi ń pa oúnjẹ mọ́, òtútù ni tiwọn fi ń pa á mọ́.

Èkejì ni oúnjẹ tó ń dúró nínú oko bí òtútù tilẹ̀ mú. Kale wà níbẹ̀, àti collard, àti leek tó dà bí àlùbọ́sà eléwé gígùn, àti parsnip tó dà bí kárọ́ọ̀tì funfun. Ohun ìyanu ni pé òtútù ń mú kí wọ́n dùn sí i. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn, ṣúgà máa ń pọ̀ sí i nínú wọn. Ṣúgà náà ni kì í jẹ́ kí omi inú wọn tètè dì. Nítorí náà, kale tí òtútù ti fọwọ́ kàn dùn ju èyí tí wọ́n já nígbà ooru lọ. Nǹkan tí a rò pé yóò pa á ló ń mú un dùn. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá létí, ṣùgbọ́n mo ti ní n kò ní wàásù.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ inú ilé ọ̀rá. Àwọn àgbẹ̀ ń ta ọ̀rá sórí irin tó tẹ̀ kọrọdọ bí afárá, wọ́n sì ń gbin spinach àti àwọn ewé mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn kékeré tó bá yọ yóò mú inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ewé inú rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń wọ́n díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá tètè dé ọjà ló ń rí i rà.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí kò gbára lé oko ewébẹ̀: ẹyin, ẹran, ẹja, oyin. Láti nǹkan bí ìparí February wọ inú March, omi igi maple náà ń jáde. Nígbà tí òru bá ń dì tí ọ̀sán sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á dá igi náà lu bí adẹ́mu ṣe ń dá ọ̀pẹ, wọ́n á gbe omi rẹ̀, wọ́n á sì sè é. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 omi igi ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí gálọ́ọ̀nù 1 omi dídùn náà. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Àgbàdo tútù kò sí. Tòmátò àti ata tí oòrùn oko pọ́n kò sí. Bí ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn lórí àtẹ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀ New York nínú oṣù January, ẹ bi í léèrè oko tó ti já a.

BÍ A ṢE Ń NÁ AN

Ní ọjà Òjé tàbí Bódìjà, bí wọ́n bá pe ọjà ní igba, àwa á ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjà yìí, wọ́n ti kọ iye ọjà sára páálí, kì í sì í ṣe àṣà wọn kí oníbàárà máa yọ owó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí gbogbo ọjà ká láì ra nǹkan kan. Ohun kan náà lè jẹ́ iye kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ yìí, kó sì dín lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ béèrè ápù tí ara rẹ̀ kò dán. Àgbẹ̀ máa ń ya èyí tó fara gbá tàbí tó wọ́ sọ́tọ̀, ó sì ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ohun tí ojú kọ̀ yìí, ẹnu kò ní kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń wá ewé tútù, ẹ tètè dé. Bí owó ni ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ dé nígbà tí ọjà ń tú. Àgbẹ̀ tí kò fẹ́ gbé kábéèjì padà lọ sóko lè bu èènì fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ kí àgbẹ̀ náà, kí ẹ sì bi í bí wọ́n ṣe ń se ohun tó ń tà. Mo ti rí i pé kò sí àgbẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í dùn láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tó gbìn. Ẹni tí wọ́n bá ti mọ̀ lójú, wọ́n máa ń bá a tọ́jú nǹkan.

Fún àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ ìjọba tí wọ́n ń pè ní SNAP, àwọn ọjà Greenmarket ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ àwọn alábòójútó ọjà kí wọ́n ṣàlàyé fún yín. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun ìtìjú ni kí ọmọ máa sùn pẹ̀lú ebi nítorí pé òbí ń tijú.

Ọgbọ̀n dọ́là ló wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ náà. Ó ra ìdì collard méjì, kábéèjì ńlá kan, kárọ́ọ̀tì, elégédé kan àti ápù tí ara rẹ̀ kò dán. Dọ́là mẹ́rin ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀ NÍLÉ

Ẹni tó ra oúnjẹ tí kò mọ bí yóò ṣe pa á mọ́, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Elégédé kò fẹ́ fíríìjì. Ẹ gbé e síbi tó gbẹ, tí kò tutù jù. Bí èèpo rẹ̀ kò bá dọ́gbẹ́, ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀dùnkún, èyí tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́, kò fẹ́ fíríìjì rárá. Bí òtútù bá mú un kọjá ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, inú rẹ̀ á bàjẹ́, yóò sì le nígbà tí a bá sè é. Pòtétò ń fẹ́ ibi tó tutù díẹ̀ tó sì ṣókùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń tàn sí i, ara rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á sì korò. Ẹ má ṣe jẹ irú rẹ̀.

Ẹ má ṣe kó ápù pọ̀ mọ́ kárọ́ọ̀tì. Atẹ́gùn kan ń jáde lára ápù tí a kò lè fojú rí. Ó ń mú kí kárọ́ọ̀tì korò. Bí ẹ bá ra kárọ́ọ̀tì tàbí beet pẹ̀lú ewé rẹ̀, ẹ gé ewé náà kúrò kí ẹ tó gbé e pamọ́, nítorí ewé náà yóò máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ewé beet ṣeé sè bí ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù.

NÍNÚ ÌKÒKÒ ỌBẸ̀

Ìbẹ̀rù Ìyá Ìbejì ni pé ọkọ òun kò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀rù náà kò sì tàsé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí collard lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ la dà ni?" Ìyàwó mi ti kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Ó ká ewé náà bí ẹní, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan nínú omi gbígbóná nítorí ó le ju ṣọkọ lọ, ó fún un. Ó wá dà á sínú ata tó ti yan nínú epo pupa, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ó dákẹ́, ó sì tún na abọ́ rẹ̀ síwájú. Kò sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mọ́.

Elégédé ni àwọn ìbejì fẹ́ràn jù. Ìyá wọn gé e, ó sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, adùn rẹ̀ sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé núdù. Wọ́n fọ èso inú rẹ̀, wọ́n yan án, wọ́n sì jókòó ń pa á jẹ bí ẹ̀pà. Kábéèjì náà dára nínú ọbẹ̀ ata, ó sì máa ń pẹ́ nínú fíríìjì ju ewé tútù lọ.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn àgbà wa: ẹni tí dókítà fún ní oògùn warfarin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó má ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí jẹ kale tàbí collard lójoojúmọ́. Èròjà kan nínú ewé wọ̀nyí, fítámì K, lè dín agbára oògùn náà kù. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín.

KÍ A SỌ ÒÓTỌ́

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ọjà àgbẹ̀ ló dínwó ju ti súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹyin àti ẹran rẹ̀ sábà máa ń wọ́n jù. Ìyá Ìbejì kì í ra ẹran níbẹ̀. Ó ṣì ń ra ewúro, irú àti èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, nítorí kò sí àgbẹ̀ New York tó lè fún un ní ìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó ní kó gbàgbé iṣu. Ohun tó yí padà ni pé iṣu ti di oúnjẹ ọjọ́ Sunday, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi owó ilé wá lójoojúmọ́.

Oníwàásù sọ ní orí 3 pé ohun gbogbo ló ní ìgbà tirẹ̀. Nílé, a mọ èyí dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń wá àgbàdo tútù nígbà ọyẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí ilẹ̀ pé ágbálùmọ̀ kò so nínú August. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ìlú àjèjì, a máa ń gbàgbé ọgbọ́n náà. A ó máa bá ilẹ̀ jà nítorí ohun tí kò ní, a kò sì ní bojú wo ohun tó gbé lọ́wọ́ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ní Chicago, ní Houston, ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ibi tí ẹ wà léèrè ohun tó wà ní ìgbà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ohun tí ìgbà yín ń mú wá sójà.

Ní Saturday kan nínú oṣù March, èmi àti ìyàwó mi tún lọ sí Union Square. Láti òkèèrè ni a ti rí Ìyá Ìbejì níwájú àtẹ elégédé. Kò dá nìkan wà. Ó di ọwọ́ arábìnrin kan mú, ẹni tí kò tíì ju oṣù méjì lọ tó dé láti Abẹ́òkúta, tí òtútù ń gbọ̀n bí ewé. A gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ẹ má ì tíì rà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí ọjà ká."

Ìyàwó mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Kò sì sí nǹkan kan láti sọ mọ́.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìkòkò yín gbẹ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.